Bàbá Wa Kì Í Sọ Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí Tàjù, ọmọ àbúrò bàbá mi, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Sábó, tó ní Bàbá Àgbà ti lọ, n ò sunkún. Ìbéèrè ni mo bi í. Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Àǹtí tó ń kọ́ mi níṣẹ́ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ èmi àti Tàjù. Ó ní, "Sìkírá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo wọ yàrá wọn nígbà tí wọn ò jáde wá kírun àárọ̀. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, ó ti tutù. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ pe Alfa, Alfa náà wò wọ́n, wọ́n ní ó ti parí." Ìgbà yẹn ni mo tó figbe ta.

Ẹ má bínú sí mi. Bí Bàbá ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nílé wa ní Mushin, kò sí ìròyìn tó ń wọlé láìsọ ilé tó ti ń bọ̀. Tí o bá sáré wọlé pé ìjà ń ṣẹlẹ̀ níta, Bàbá ò ní béèrè ẹni tó ń jà. Wọ́n á ní, "Ṣé o rí i ni, àbí o gbọ́ ọ? Tó bá jẹ́ pé o gbọ́ ọ, ẹnu ta ni?" Kó o tó dáhùn tán, ìjà ti parí, àwọn tó ń jà ti lọ jẹun.

Yésúfù ni orúkọ wọn, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Iwájú ilé wa ni ìsọ̀ wọn wà, lábẹ́ páànù tí òjò ti jẹ etí rẹ̀: bẹ́ǹṣì kan, dígí kan tó ti là láàárín, abọ́ omi, ọṣẹ, àti awọ tí wọ́n fi ń pọ́n abẹ. Àdúgbò ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè wọ́n. Bàbá Àlàyé ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn ò bínú sí orúkọ náà rárá. Ohun tí wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wá a títí wọ́n fi rí i.

Háà, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí. Tó o bá bi wọ́n bóyá òjò máa rọ̀, ìbéèrè kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá á kọ́kọ́ tún fìlà ṣe. "Ní tèmi o, mo rí i pé ojú ọ̀run ṣú níhà Ìjọra. Ìyẹn ni mo fojú rí. Ṣùgbọ́n Lásísì tó ń wa ọkọ̀, tó wá fárí láàárọ̀ yìí, sọ fún mi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjọra dé, oòrùn ń ràn níbẹ̀. Ìyẹn ni mo gbọ́. Èmi ò wá sọ pé òjò máa rọ̀ o, n ò sì sọ pé kò ní rọ̀. Tó bá pa ẹ́, má sọ pé Bàbá ló ní kó o máa lọ." Ní gbogbo ìgbà yìí, òjò ti ń rọ̀ lé wa lórí.

Ìṣòro àwọn oníbàárà wọn tún wá yàtọ̀. Bàbá ò lè fá orí kí wọ́n sì máa ṣàlàyé. Wọ́n ní abẹ kì í gbọ́ àlàyé, pé ọ̀kan ni ọwọ́ àti ẹnu máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, abẹ á dúró lókè, oníbàárà á jókòó pẹ̀lú ọṣẹ tó ń gbẹ lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kàrímù, fọkanáísà ni, kì í lè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó wá fárí nítorí ìkómọ tó fẹ́ lọ. Bàbá ti fá ọ̀tún tán, ni Kàrímù bá ṣèèṣì béèrè bóyá òótọ́ ni pé Lẹ́mọ́mù kò gbádùn. Ó parí! Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ rí Lẹ́mọ́mù tí wọ́n di àyà mú ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n dé orí ohun tí ìyàwó Lẹ́mọ́mù sọ àti ohun tí ìyàwó Lẹ́mọ́mù kò sọ. Kàrímù fara dà á, fara dà á, ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó fẹ́ gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó dìde, ó sá lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀tún dán, òsì kún fún irun. Àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ń kọrin. Nígbà tó padà wá ní ìrọ̀lẹ́ láti wá bínú, Bàbá kàn ní, "Kàrímù, àbọ̀ irun sàn ju àbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Irun á hù."

Màmá Àgbà ni mo máa ń ṣàánú jù. Ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀! Wọ́n á bu ọbẹ̀ sí Bàbá lọ́wọ́, wọ́n á ní kí wọ́n tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ tó. Bàbá á tọ́ ọ. Wọ́n á wo òkè. "Lẹ́nu tèmi, ó tó. Àmọ́ mo ti jẹ obì láàárọ̀, obì sì máa ń ba ẹnu jẹ́, bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, èmi náà sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Sìkírá náà tọ́ ọ wò." Màmá á gba síbí náà lọ́wọ́ wọn. "Bàbá Sáká, iyọ̀ ni mo béèrè, ẹ̀yin ń wá ẹlẹ́rìí! Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n o." Bàbá mi ló ń jẹ́ Sáká, òun ni àkọ́bí wọn. Bàbá Àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, "ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ti da agbọ̀n ọlọ́jà nù rí."

Àwa ọmọ ò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà yẹn. A rò pé àwàdà ni.

Ìgbà kan wà tí àlàyé Bàbá gba àdúgbò sílẹ̀. Ariwo ta pé ìjọba fẹ́ ti ẹ̀rọ omi tó wà ní kọ́nà pa. Ẹ wá wo garawa! Àwọn obìnrin to garawa dé iwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń fa ìró ara wọn ya. Bàbá dé fìlà, wọ́n jáde. Wọ́n bi alákàrà pé ta ló sọ fún un, ó ní ìyàwó bíríkìlà ni. Wọ́n lọ bá ìyàwó bíríkìlà, ó ní ọmọ Gàníyù télọ̀ ni. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Gàníyù fúnra rẹ̀. Gàníyù ní, "Èmi kẹ̀? Ohun tí mo sọ ni pé, bí wọn ò bá tètè wá tún ibi tó ń jò níbẹ̀ ṣe, wọ́n lè wá tì í." Bàbá padà wá dúró láàárín garawa, wọ́n gbóhùn sókè: "Ó ku díẹ̀ kó di òótọ́ nígbà tó kúrò lẹ́nu Gàníyù. Ẹ̀yin lẹ fi ìyókù kún un lójú ọ̀nà. Ẹ máa gbé garawa yín lọ sílé." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Múní, tó ń ta kẹrosíìnì ní ilé tó kọjú sí tiwa, gbé garawa tirẹ̀ láìwo Bàbá lójú, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Mo rí ojú Bàbá nígbà yẹn. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu wọn kú pátápátá.

Ẹ wò ó, gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá, tí Bàbá bá ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n á yà sí iwájú ilé Ìyá Múní, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Múní. Ẹ ò jíire bí?" Ìyá Múní á máa da kẹrosíìnì sínú ìgò bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Bàbá á dúró díẹ̀, wọ́n á tún fìlà ṣe, wọ́n á sọdá. Ó máa ń dùn mí. Àwa tí Bàbá fi àlàyé pa láti àárọ̀ dalẹ́, tí a ń sá fún wọn, obìnrin kan wà tí Bàbá ń tọrọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún wọn.

Ọjọ́ tí inú bí mi, tí mo ní màá lọ bú Ìyá Múní fún wọn, ni Màmá tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ẹ̀wà la ń ṣà ní ẹ̀yìnkùlé.

"Jókòó jẹ́jẹ́," Màmá ní. "Kò sí ohun tí obìnrin yẹn ṣe. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá yín, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Tó o bá bi í ní nǹkan, á kàn mi orí. Ràbí lorúkọ Ìyá Múní, ọmọge ni nígbà yẹn, ó dára lóbìnrin. Ọkùnrin kan wà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ó ń rọ irin, òun ló fẹ́ ẹ. Ràbí náà sì fẹ́ ẹ débi pé tó bá ń gbálẹ̀, orúkọ ọkùnrin yẹn ló fi ń kọrin. Àwọn èèyàn ọkùnrin náà wá ṣèwádìí."

Màmá sọ bí wọ́n ti ń ṣe é fún mi, torí ọmọdé òde òní ni wọ́n kà mí sí. Ẹbí ọkọ á rán àgbàlagbà wá sí àdúgbò ìyàwó. Wọn ò ní wọ ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n á yà sí. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè ò sí níbẹ̀, bóyá wárápá ò sí níbẹ̀, bóyá wọn kì í ṣe oníjà. Aládùúgbò tó bá mọ rere wọn á fún àlejò níjòókòó, á máa ròyìn. Èyí tó bá mọ ibi kò ní fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Á kàn ní kí wọ́n lọ bi ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ìyẹn, kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́, ilé rẹ̀ ló máa gbà lọ.

"Bàbá yín ni wọ́n kọ́kọ́ bá," Màmá ní. "Àárọ̀ kùtùkùtù ni, ó ń sáré lọ sí Ìdí Òrò, ó fẹ́ lọ fá irun ọmọ tuntun níbi ìkómọ, wọ́n ti ń dúró dè é. Wọ́n ní, 'Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, irú ènìyàn wo ló wà nílé ọ̀hún yẹn?' Ó ní, 'Ẹ má bínú, ẹ lọ bi ẹlòmíràn.' Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò ní ohun kan nínú o. Ó kàn ń yára ni."

Ìgbéyàwó náà bàjẹ́. Ràbí ò mọ ìdí tó fi bàjẹ́, títí ẹnì kan fi tú àṣírí rẹ̀ fún un. Ó wá bá Bàbá ní ìsọ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Bọ̀dá Yésúfù, kí ni mo fi ṣe yín?" Bàbá ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yé wọn, wọ́n sáré lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ ṣàlàyé. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà ti fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn fún un. Wọ́n tilẹ̀ rò pé ilé Ràbí ló bẹ Bàbá wá. Nígbà tó yá, àwọn òbí Ràbí fi í fún arúgbó kan ní Ìdí Òrò, ó di ìyàwó kékeré nílé tí kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Arúgbó náà kú, Ràbí kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, ní iwájú ìsọ̀ Bàbá gan-an.

A ò mọ̀ pé Bàbá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá yín mọ irú odidi tí yóò dà?" Wọ́n mú abọ́ omi tí wọ́n wá gbé, wọ́n padà síta. Láti ọjọ́ náà, n ò sá fún àlàyé wọn mọ́, bó ti wù kó gùn tó.

Ẹ̀ẹ̀kan tí mo máa sọ yìí ni gbogbo ènìyàn fi ń rántí Bàbá, àní àwọn tí kò fárí lọ́dọ̀ wọn rí.

Múní, ọ̀rẹ́ mi, dàgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Ìjọra rí i, ó ní òun fẹ́ ẹ. Ayọ̀ ni ó yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Ẹni méjì ti wá rí, tí wọ́n ti yí padà, torí ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ pé wárápá wà nínú ìdílé Ìyá Múní. Wọ́n ní ṣebí torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ Ìyá Múní alára nígbà tó wà ní ọmọge. Wọ́n ní Wàídì, ẹ̀gbọ́n Múní, ti ṣubú lulẹ̀ rí, ó gbọ̀n. Múní wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún, ó ní, "Sìkírá, tí àwọn eléyìí náà bá lọ, n ò ní wọlé ọkọ mọ́ láyé mi. Màá kàn máa ta kẹrosíìnì pẹ̀lú ìyá mi ni."

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn olùwádìí ń bọ̀ láti Ìtìrè, ilé àwọn òbí ọkùnrin náà, Màmá kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mi ò rí Màmá kí wọ́n kúnlẹ̀ báyẹn rí. "Bàbá Sáká, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹni rere ni wọ́n. Kí ẹ sì panu mọ́. Ẹ má ṣàlàyé." Bàbá ní, "Mo gbọ́." Màmá tún ní, "Ṣé ẹ gbà?" Bàbá ní, "Mo ní mo gbọ́."

Bàbá arúgbó kan àti ìyá kan ni wọ́n wá. Ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń dúró. Bàbá gbé abẹ sílẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn àlejò jókòó, wọ́n rán mi lọ bu omi wá. Àwọn àlejò bi wọ́n. Bàbá ní, "Ẹni rere ni wọ́n." Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Bàbá sì ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀." Màmá káwọ́ lérí.

Bàbá ní, "Wọ́n á ti sọ fún yín pé wárápá wà nínú ilé yẹn."

Ìyá tó wá ṣèwádìí dìde dúró. "Wárápá kẹ̀? A ò tíì gbọ́ ìyẹn o!"

Yéè! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ní iwájú lọ́hùn-ún, Ìyá Múní ń fi àrọ da kẹrosíìnì sínú ìgò oníbàárà kan. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń gbọ́, torí títì náà ò fẹ̀, Bàbá kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó bá ń ṣàlàyé.

"Ẹ jókòó, Ìyá," Bàbá ní. "Ẹ máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó dé ìdí ọkọ̀. Ó sàn kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ orírun rẹ̀. Ohun tí mo fojú mi rí ni pé nígbà tí Wàídì wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ gbé e wá láti Ìdí Òrò sí ìsọ̀ yìí kí n fá irun rẹ̀. Ara ọmọ náà gbóná. Gìrì mú un lọ́wọ́ mi, lórí bẹ́ǹṣì yìí. Èmi ni mo gbé e mọ́ra, èmi ni mo da omi tútù sí i lára títí ó fi sọ jí. Gìrì ọmọdé ni, gbogbo yín ti rí i rí. Láti ìgbà náà, ibí ló ti ń fárí, n ò rí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ní wárápá ni. Mo bi ẹni tó sọ fún mi, ó ní ẹnu ẹnì kan lòun ti gbọ́ ọ. Mo bi ìyẹn. Mo ti ń tọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun kan náà: pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nílé yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló dé tí ará Ẹ̀búté Mẹ́ta fi kọ ìyá wọn? Ẹ rí i, ibẹ̀ ni orírun rẹ̀. Ẹni tó sì dá a sílẹ̀ rèé." Wọ́n fi ọwọ́ lu àyà ara wọn. "Èmi Yésúfù ni. Wọ́n wá bi mí nípa ìyá wọn, mò ń yára, mo ní kí wọ́n lọ bi ẹlòmíràn. N ò mọ ibi kankan nípa ọmọge náà. Rere ni mo mọ̀. N ò kàn ráyè sọ ọ́ ni. Ẹnu mi yìí ni mo fi ba ilé ọ̀hún jẹ́."

Omijé ń dà sí irùngbọ̀n wọn. Ẹni tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ jókòó pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́nu, kò mira. Àwọn tó ń fi Bàbá Àlàyé ṣẹ̀fẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ń wo ilẹ̀. Kẹrosíìnì ti kún ìgò Ìyá Múní, ó ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

Bàbá arúgbó tó wá láti Ìtìrè gbé omi tí wọ́n ń mu sílẹ̀. Wọ́n ní, "A ti ṣèwádìí fún ọmọ púpọ̀. Gbogbo ibi tí a bá dé, wọ́n á ní ẹni rere ni. Kò tíì sí ẹni tó ba ara rẹ̀ jẹ́ níwájú wa nítorí ọmọ ọlọ́mọ." Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ omi, wọ́n lọ. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ará Ìtìrè padà wá tọrọ Múní, wọ́n sì so yìgì wọn ní iwájú ilé Ìyá Múní, gbogbo wa wà níbẹ̀.

Ìyá Múní gbé oúnjẹ yìgì kárí àdúgbò, wọ́n ní ká wá gba ti Bàbá náà, Tàjù ló lọ gbà á. Bàbá pè é. "Kí ni Ìyá Múní sọ nígbà tí wọ́n gbé e fún ẹ?" Tàjù, tó mọ ohun tí Bàbá fẹ́ gbọ́, ń kólòlò, ó ní bóyá wọ́n fẹ́ sọ nǹkan. Bàbá ní, "Tàjù, ṣé wọ́n sọ̀rọ̀?" Ó ní rárá. "Ó dáa. Má fi kún un fún mi."

Wọ́n ṣì ń lọ kí i láràárọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ kan pé ètè Ìyá Múní mì nígbà tí Bàbá kí i. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá, inú mi ń dùn. Ojú wọn mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bi mí: "O gbọ́ ohùn?" Mo ní n ò gbọ́. Bàbá ní, "Ètè lo rí nígbà náà, Sìkírá. Kì í ṣe ìkíni." Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ parọ́ fún wọn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ Bàbá?

Bó ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ tí Tàjù wá bá mi ní Sábó.

A dé Mushin, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti wé wọn ní aṣọ funfun. Lẹ́yìn ìrun Àìlà ti ọ̀sán, wọ́n gbé wọn síwájú ilé, lẹ́bàá bẹ́ǹṣì wọn. Kí wọ́n tó gbé òkú lọ lọ́dọ̀ tiwa, Alfa á bi èrò bí olóògbé ṣe rí láyé, èrò á jẹ́rìí sí i níwájú Ọlọ́run. Alfa ní, "Ẹ̀yin èèyàn, irú ẹni wo ni Yésúfù?" Gbogbo èrò dáhùn pé, "Ẹni rere ni!" Alfa ní kí wọ́n gbé e. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé wọn.

"Ẹ dúró."

Ìyá Múní ni. Ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ìró tó fi ń ta kẹrosíìnì ló ró, kò dúró pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ dá a dúró, Màmá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Alfa ní, "Ìyá, èrò ti jẹ́rìí." Ìyá Múní ní, "Mo gbọ́, Alfa. Ó kúrú jù. Ẹ̀yin ń yára. Ẹni tó bá ń yára kọ́ ni yóò jẹ́rìí sí ọkùnrin yìí."

Ó dojú kọ èrò.

"Ohun tí mo fojú mi rí rèé," ó ní. "Mo rí i tó fi ojú ara rẹ̀ gbolẹ̀ nídìí bẹ́ǹṣì yẹn, kí ọmọ mi lè nílé ọkọ. Ohun tí mo fetí mi gbọ́ rèé: ó ń kí mi láràárọ̀, òjò ìbáà rọ̀, ara rẹ̀ ìbáà má yá, kò pa á jẹ rí. Ẹni tó sọ pé ó ba ayé mi jẹ́ kò purọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Mo ti dárí jì í. Ọjọ́ tí wọ́n so yìgì Múní ni mo ti dárí jì í. Mo ní kí n sọ fún un lọ́jọ́ kejì, ojú tì mí. Mo ní lọ́la. Bí ó ti ń pẹ́ sí i ni ẹnu mi ń wúwo sí i. Láàárọ̀ yìí, mo ti jókòó, mo ti pinnu. Mo ń wo ojú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mi ò rí i kó bọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sunkún bí ọmọge. Màmá lọ jókòó tì í. Alfa dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi sunkún tán, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Bàbá lọ.

Àárò wọn ń sọ mí ju bí mo ti lè sọ lọ. Ilé wa dákẹ́ báyìí. Tó o bá béèrè bóyá òjò máa rọ̀, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. N ò fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ń dùn mí jù. Odidi ọ̀rọ̀ ni Ìyá Múní sọ, kò dín, kò lé. Alfa gbọ́ ọ, èrò gbọ́ ọ, àwọn ọmọdé tó gun orí ògiri gbọ́ ọ. Bàbá wa nìkan ni kò gbọ́.